Èbù ni mo fara mọ́, kì í ṣe "atúnọpọlọṣe"

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ èdè wa.

Mo ka ohun tí ọ̀gá wa láti Ìkéré kọ lánàá, pé kí a máa pe "stem cell", ìyẹn sẹ́ẹ̀lì tó lè bí sẹ́ẹ̀lì mìíràn, tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹni tí ìjàm̀bá ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́ ní Jàpáànù ní "atúnọpọlọṣe". Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu, àmọ́ irọ́ wà nínú "a-" iwájú rẹ̀.

Ẹni tó bá jẹ́ apẹja, òun fúnra rẹ̀ ló ń pẹja. Ẹnìkan ti sọ pé amúnáwá kì í ṣe ènìyàn. Mo gbà, ṣùgbọ́n ṣé kì í ṣe òun náà ló ń mú iná wá ni? Olùṣe ni "a-" ń tọ́ka sí. Sẹ́ẹ̀lì yìí wá ńkọ́? Inú mùdùnmúdùn eegun ẹni tí ara rẹ̀ le ni wọ́n ti ń mú un. Wọ́n á lu ihò sí agbárí aláìsàn, wọ́n á fi sí ẹ̀gbẹ́ ibi tó bàjẹ́. Kì í di ọpọlọ. Ó ń tú àwọn èròjà jáde tí ọpọlọ fi ń tún ara rẹ̀ ṣe, lẹ́yìn náà á pòórá. Kí ló dé tí a fẹ́ gba iṣẹ́ onílé fún àlejò?

Ẹlòmíì ní "sẹ́ẹ̀lì igi", torí pé Haeckel, onímọ̀ nípa ẹ̀dá oníyè, ará Jámánì, lo "Stammzelle" (sẹ́ẹ̀lì ìtí igi) ní 1868. Igi ìran ni Haeckel ń rò, bí ẹ̀dá ṣe ń pẹ̀ka. Tó bá dé Ọjà Ọba l'Adó, àgbo ni wọn yóò rò pé ó jẹ́.

Èbù ni tèmi: sẹ́ẹ̀lì èbù. Bàbá mi àgbà á gé iṣu, á fi eérú ra ojú ibi tó gé kó má baà jẹrà, kó tó rì í sínú ebè. Nígbà tí a bá wa iṣu tuntun, èbù á ti fún, á ti dúdú, á ku èèpo lásán lórí iṣu. Ó ti fi ohun inú rẹ̀ bọ́ ọmọ tán. Orúkọ yìí bá àwọn sẹ́ẹ̀lì tó jẹ́ ìbátan rẹ̀ mu pẹ̀lú, títí kan èyí tó ń bí ẹ̀jẹ̀ nínú mùdùnmúdùn àti èyí tí Yamanaka, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Jàpáànù, ti ara sẹ́ẹ̀lì eku dá ní Kyoto ní 2006.

Arábìnrin kan ní a ó máa gbọ́ ọ bí èébú. Rárá o! Ohùn ìsàlẹ̀ méjì ni èbù, ó kúrú. Èébú gùn, ohùn òkè ló sì fi parí. Ẹni tó gbọ́ èdè kì í ṣi méjèèjì gbọ́.

Ìdí tí mo fi ń le koko rèé. Ọ̀kadà á gbé ọmọ ṣubú lọ́nà Ìkéré, ọpọlọ rẹ̀ á fara pa, ọwọ́ rẹ̀ kan kò ní gbé mọ́. Ìyá rẹ̀ á gbọ́ "atúnọpọlọṣe", á ta ilẹ̀ láti fi sanwó ìtọ́jú. Bẹ́ẹ̀, ènìyàn 61 ló wà nínú ìdánwò ìtọ́jú yìí tí wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2021. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, máàkì ìlò apá àti ẹsẹ̀ àwọn tó gbà á fi 8.3 lé sí i ní ìpíndọ́gba. Ti àwọn tí wọ́n kàn lu agbárí wọn díẹ̀, láì fi nǹkan kan sí i, fi 2.3 lé. Ó dára, inú mi dùn sí i, ṣùgbọ́n ọpọlọ kò tíì padà sí bó ṣe wà. Ìjọba Jàpáànù pàápàá so àdéhùn mọ́ ìyọ̀ǹda tí wọ́n fún un ní oṣù keje 2024.

Ọ̀gá wa, ẹ dákun, ẹ wo àmì ohùn yín: "ọ̀pọ̀lọ́" lẹ kọ lẹ́ẹ̀mejì, ẹran etí odò nìyẹn.

Ní ti ẹni tó bá mi wí pé mo kọ "uṣu" nínú lẹ́tà tó kọjá: ulé, uṣu, ùlú, bẹ́ẹ̀ làwọn ìyá wa l'Ékìtì ṣe ń sọ ọ́, n kò sì rí àṣìṣe níbẹ̀. Lórí "a-" ni mo ti ń retí èsì.