Ṣé kí n dá ọkọ̀ padà ni, àbí ká máa wẹ̀ lọ?

Ẹ̀yin tí ẹ ti kó àwọn tó ń wẹ̀ lábẹ́ òkun rìn rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọjọ́ méjì ló kù nínú ìrìn wa. Lánàá, ẹnì kan jáde láti mítà 30, ọwọ́ òsì rẹ̀ kú tipiri, awọ èjìká rẹ̀ di àbàlà pupa. A gbé ọ́síjìn sí i nímú títí ọkọ̀ mìíràn fi gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ara rẹ̀ ti ń yá, ọpẹ́ ni.

Mo ti dá wíwẹ̀ dúró, mo sì tọ́jú kọ̀ǹpútà ọwọ́ rẹ̀ tó ń ka jíjìn àti àkókò lábẹ́ omi, àti sílíńdà afẹ́fẹ́ tó fi wẹ̀. Àwọn tó kù ní àwọn ti sanwó, ká máa lọ. Àmọ́ abẹ́rẹ́ ojú sílíńdà ọ́síjìn wa ti wọ ibi pupa, ó ti fẹ́ tán. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù. Bí mo bá rí ọ́síjìn mìíràn gbà, ṣé ó tó láti tẹ̀síwájú, àbí kí n forí ọkọ̀ lé ilé lónìí?