Síkọ́ọ̀ Tí Iná Ọba Ò Ní Gbé Lọ Mọ́: Ẹ Wá Sọ Ìrírí Yín

Ọmọ Ajílété (Tákìé, Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ẹni tó bá ń tún géèmù àtijọ́ ṣe nílùú yìí á mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ọmọ á jókòó ti géèmù látàárọ̀, síkọ́ọ̀ rẹ̀ á ga ju ti gbogbo àdúgbò lọ, á kọ orúkọ rẹ̀ sójú tẹlifíṣàn. Kó tó sáré pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá wò ó, wọ́n ti mú iná lọ. Nígbà tí iná bá máa fi dé, orúkọ ò sí mọ́. Nínú iṣẹ́ tí mò ń ṣe yìí, mo ti rí i pé ẹ̀rọ tó bàjẹ́ kì í dun oníbàárà tó orúkọ tó parẹ́. Ó sì ń dun èmi náà.

Sega Saturn kan, ẹ̀rọ géèmù àtijọ́, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kan tó ní ṣọ́ọ̀bù géèmù lọ́nà LAUTECH ló gbé e wá, tòkunbọ̀ tí wọ́n rà ní Aláàbà. Wọ́n ní, "Àbúrò, gbogbo ìgbà tí mo bá ti tan nǹkan yìí ló ń bi mí pé èdè wo ni mo fẹ́, ọjọ́ wo la wà. Mo dá a lóhùn lánàá, ó tún ń bi mí lónìí. Àwọn ọmọ sì gbà pé èmi ni mò ń pa síkọ́ọ̀ àwọn rẹ́." Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀. Bátìrì ni."

Ọdún 1994 ni Saturn kọ́kọ́ jáde ní Japan. Mẹ́mọ́rì kékeré kan wà nínú rẹ̀, 32 KB péré, ibẹ̀ ni síkọ́ọ̀ ń gbé. Irú èyí tí wọ́n ń pè ní SRAM ni. Kò gbọdọ̀ wà láìsí iná nígbà kankan; tí iná bá ti já lára rẹ̀, ohun gbogbo tó wà nínú rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Tí ẹ̀rọ bá wà ní títàn, iná ẹ̀rọ ló ń lò. Tí a bá pa á, bátìrì pẹlẹbẹ kan, CR2032, oní fóòtì 3, ló ń gbé e ró. Bátìrì yìí kan náà ló ń gbé aago inú rẹ̀ ró, òun ni kì í jẹ́ kó gbàgbé èdè tí ẹ yàn. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé tí ọ̀kan bá ti lọ, gbogbo rẹ̀ ló máa lọ.

Ẹ ò nílò àtitú ẹ̀rọ kẹ́ ẹ tó débẹ̀. Ẹ yí i padà, ẹ ó rí ìlẹ̀kùn kékeré kan lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ṣí i, bátìrì nìyẹn. Mo fi mítà wò ó, kò tó fóòtì 2. Ó ti kú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa, ẹ̀yin tí bátìrì yín ò tíì kú tán. Ẹ má pa ẹ̀rọ kẹ́ ẹ tó yọ ọ́. Ẹ jẹ́ kó wà ní títàn, kẹ́ ẹ yọ ti àtijọ́, kẹ́ ẹ fi tuntun sí i. Iná ẹ̀rọ á máa gbé mẹ́mọ́rì ró títí ẹ ó fi ṣe tán. Èmi kì í dán an wò lórí iná ọba o. Mo máa ń tan jẹnẹrétọ̀, mo sì máa ń rí i pé epo wà nínú rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ní káséètì mẹ́mọ́rì, ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ síbẹ̀ ná. Ojú ìwé ìtọ́jú mẹ́mọ́rì inú Saturn fúnra rẹ̀ máa bá yín ṣe é.

Ẹ̀gbọ́n yìí ò fẹ́ kó tún ṣẹlẹ̀ mọ́. CR2032 ò lágbára púpọ̀, bíi 220 mAh (ìwọ̀n agbára tó lè gbé) ni, àwọn míì tó wà lórí àtẹ sì ti rẹ̀ kẹ́ ẹ tó rà wọ́n. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì AA onífóòtì 1.5 ńkọ́? Tí a bá to méjì tẹ̀ léra, fóòtì 3 náà ló máa fún wa, alkaline tó dáa sì máa ń ju 2,000 mAh lọ. Mo mú ilé bátìrì oníméjì, mo bo wáyà pupa àti dúdú lẹ́nu pẹ̀lú lẹ́ẹ̀dì tí a fi ń jó wáyà, mo jó pupa mọ́ ẹsẹ̀ ibi tí ẹ̀gbẹ́ CR2032 tí wọ́n kọ àmì ìròpọ̀ sí máa ń kàn, mo jó dúdú mọ́ èkejì, mo fi téèpù dì í mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀rọ níta. Ẹ má fi CR2032 sílẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ o. Ẹ yọ ọ́.

Àwọn ọmọ ti pé sí ṣọ́ọ̀bù nígbà tí mo gbé e padà. Wọ́n gbá géèmù ọkọ̀ sísá, ọ̀kan nínú wọn kọ orúkọ rẹ̀ sókè pátápátá. Mo fa wáyà iná yọ. Ariwo tí wọ́n pa! Mo ki í padà, kò bi mí ní ọjọ́, kò bi mí ní èdè, orúkọ ọmọ yẹn sì wà níbi tó kọ ọ́ sí. Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ ti ṣe?

Ìyá Ìbejì (Òwòdé, Ọ̀yọ́)

Bọ̀dá Ajílété, ẹ kú iṣẹ́ o. Fóònù ni mò ń tún ṣe, ṣùgbọ́n káséètì Game Boy, ẹ̀rọ géèmù àfọwọ́mú, ló gbà mí lọ́kàn. Lójú tèmi, ẹ jẹ́ ká yọ bátìrì kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà pátá.

IC kan (ẹ̀yà kékeré tí wọ́n ń jó mọ́ páńẹ̀lì) wà tí wọ́n ń pè ní FRAM. Kò nílò iná láti rántí nǹkan. Káséètì tí SRAM rẹ̀ jẹ́ 8 KB, FM16W08 ni mo máa ń fi rọ́pò rẹ̀. Tó bá jẹ́ 32 KB, FM18W08 ni. Ẹsẹ̀ 28 ni wọ́n ní, láti fóòtì 2.7 dé 5.5 ni wọ́n sì ń ṣiṣẹ́. Mo máa kọ́kọ́ kó ohun tó wà nínú káséètì sórí kọ̀ǹpútà, torí tí SRAM bá ti kúrò lórí páńẹ̀lì, kò sí àtúnrí. Lẹ́yìn náà ni mo máa fi atẹ́gùn gbígbóná yọ ọ́, bí a ṣe ń yọ IC fóònù, màá fọ ojú ibẹ̀, màá jó tuntun mọ́ ọn, màá yọ bátìrì.

Ìṣó tó pa káséètì náà dé ló máa ń dá èèyàn dúró, torí irinṣẹ́ tiwa kì í wọ̀ ọ́. Mo yọ́ ìdí bírò lórí iná àbẹ́là, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ orí ìṣó nígbà tó ṣì rọ̀, mo dúró kó le. Mo yí i, ó tú.

Àmọ́ ẹ má retí rẹ̀ lára gbogbo káséètì. Tetris tó bá Game Boy jáde ní 1989 ò ní SRAM, kò ní bátìrì. Tí ẹ bá ti pa á, síkọ́ọ̀ ti lọ. FRAM ò níbi tó máa jókòó sí níbẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan (Under-G, Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́. Dreamcast tèmi, ẹ̀rọ géèmù Sega míì, náà ń bi mí ní ọjọ́, VMU rẹ̀ (mẹ́mọ́rì kékeré tí a ń ki sínú páàdì) sì ń ké tí mo bá tàn án. Ṣé kí n jó CR2032 mọ́ ọn? Ẹ̀rù síkọ́ọ̀ mi ń bà mí.

Ọmọ Ajílété

Àbúrò, má ṣe bẹ́ẹ̀ o! ML2032 ló wà nínú Dreamcast, èyí tó ṣeé gba agbára, ẹ̀rọ sì ń fi agbára kún un tó bá wà ní títàn. CR2032 kì í gba agbára. Tí ẹ̀rọ bá ń ti agbára sí i lára, ó lè wú, ó lè bẹ́. Wá ML2032 gan-an, páńẹ̀lì tí o ń ki páàdì sí ló wà. Tó ò bá rí i rà, a jẹ́ pé o ní láti fi dáyódù (ẹ̀yà tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo) dí ọ̀nà tí agbára ń gbà wọlé kó o tó lo CR2032. Mú un wá sí Tákìé ká jọ wò ó.

Ní ti VMU, bátìrì méjì inú rẹ̀ ló ti kú tó fi ń ké. Flash ni mẹ́mọ́rì tirẹ̀, kò nílò iná láti rántí nǹkan, síkọ́ọ̀ rẹ ò lọ síbì kankan.