Owó ìrànwọ́ ìjọba dé ọwọ́ ìyá wa ní abúlé: ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí wọ́n fi ṣe?

Àkọ́bí Ìyá Rẹ̀ (Ìbàdàn):

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ bá wa dá sí, nítorí pé àwa ọmọ ìyá kan náà ti ń bínú síra wa lórí rẹ̀.

Abúlé kan lẹ́bàá Ayétẹ̀, ní Ìbàràpá, ni ìyá wa ń gbé. Opó ni wọ́n, wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń gbìn, gaàrí ni wọ́n sì ń yan. Ọmọ méjì tí àbúrò mi obìnrin fi sílẹ̀ kí ó tó ṣaláìsí wà lọ́dọ̀ wọn, àbíkẹ́yìn wọn ọkùnrin náà sì wà nílé. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n pe gbogbo abúlé jọ pé kí wọ́n fúnra wọn sọ ilé tí ìṣẹ́ ń bá jà jù, orúkọ ìyá wa sì wà lára àwọn tí wọ́n kọ. A ti gbàgbé ọ̀rọ̀ náà pátápátá kí ₦25,000 àkọ́kọ́ tó dé. Ìyá wa kò mọ̀wé. Ọmọ-ọmọ wọn ni ó ka ohun tí báńkì fi ránṣẹ́ sórí fóònù fún wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ní kí ó kà á, lẹ́yìn náà ni wọ́n fi gèlè wé fóònù náà bí ẹni wé ọmọ tuntun, kí wọ́n tó gbé e tọ oní-POS lọ ní Ayétẹ̀.

Owó àkọ́kọ́ yẹn kò pẹ́ tán. Wọ́n san gbèsè epo, wọ́n ra bàtà àti ìwé fún àwọn ọmọ, wọ́n sì ra iyọ̀ odidi kóńgò kan, ohun tí n kò rí kí wọ́n ṣe rí, nítorí pé èyí tí wọ́n dì sínú ọ̀rá kékeré ni wọ́n máa ń rà, bẹ́ẹ̀ ẹni tí ó ń rà á díẹ̀díẹ̀ ni ó ń rà á wọ́n jù. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá ni ₦25,000 kejì wọlé, a sì ń retí ẹ̀kẹta. Ìyá wa fẹ́ fi páànù bo àtíbàbà tí wọ́n ti ń yan gaàrí. Àbúrò mi ní kí wọ́n gbé e fún òun, kí òun fi san owó ìbẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀kadà. Èmi rò pé ewúrẹ́ méjì ni ó dára jù. Àbúrò bàbá wa náà ti ránṣẹ́ pé òun ni olórí ilé, ọwọ́ òun ni ó sì yẹ kí owó ìjọba gbà kọjá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là wá lọ́yẹ̀.

Ìyá Ìbejì (Òṣogbo):

Ẹ kú àṣírí bíbò. Ẹ jẹ́ kí n ti ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá yín bẹ̀rẹ̀, torí pé irú ọ̀rọ̀ yẹn ni ó máa ń tú ilé ká. Láti ìparí ọdún 2016 tí ìjọba àpapọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í san ₦5,000 lóṣù fún àwọn ìdílé tí kò ní, tí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Èkìtì àti Kwara sì wà lára mẹ́sàn-án àkọ́kọ́, obìnrin tí ó ń tọ́jú ilé ni wọ́n sábà máa ń kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ pé kí ó máa gba owó. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe ní Brazil, níbi tí ètò Bolsa Família ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2003: nínú èyí tí ó pọ̀ jù lára àwọn ìdílé náà, obìnrin ni ó ń gbà á. Ẹni tí ó ń gbé ìkòkò kaná ni ó mọ ohun tí kò sí nínú ìkòkò. Ẹ má bá bàbá jà ṣá o. Kí ìyá yín bu gaàrí kóńgò méjì ránṣẹ́ sí wọn, kí ẹ̀yin sì dọ̀bálẹ̀ sọ fún wọn pé orúkọ tí báńkì mọ̀ nìkan ni báńkì ń sanwó fún.

Ojúlówó (Ìjẹ̀bú-Òde):

Ẹ má bínú sí mi, ṣùgbọ́n owó tí èèyàn kò ṣiṣẹ́ fún kì í dúró lọ́wọ́ ẹni. Ọ̀lẹ ni ó ń sọ wọ́n dà. Kí ìjọba fún wọn ní irinṣẹ́, kí wọ́n yé pín owó.

Àgbẹ̀ Òkè-Ògùn:

Ojúlówó, obìnrin tí ó ń rin ẹ̀gẹ́, tí ó ń fún un, tí ó ń kù ú, tí ó sì ń jókòó ti agbada gbígbóná ní ẹni ọgọ́ta ọdún, òun ni ẹ ń bẹ̀rù kí ó má di ọ̀lẹ?

Àkọ́bí, kí n tó sọ tèmi, ẹ dáhùn ìbéèrè kan fún mi. Bí àìsàn bá dé lójijì tàbí tí owó ilé-ìwé bá dé, ǹjẹ́ ìyá yín kì í ta ẹ̀gẹ́ sínú ilẹ̀?

Àkọ́bí Ìyá Rẹ̀:

Wọ́n ń tà á, bàbá. Ní ọdún tó kọjá, ibà dá ọmọ kan wó, wọ́n sì ránṣẹ́ pe ẹni tí ó máa ń rà á. Ó wá sí oko, ó ka ebè, ó dá iye tí ó wù ú lé e, ìyá wa sì gbà. Kò ju oṣù méjì lọ lẹ́yìn náà tí gaàrí fi gbówó lórí.

Àgbẹ̀ Òkè-Ògùn:

Ibẹ̀ gan-an ni egbò wà. Ẹni tí ó ta ẹ̀gẹ́ sínú ilẹ̀ kò ta ẹ̀gẹ́ nìkan. Ó ti ta èrè tí ó yẹ kí ó jẹ lórí rírin àti yíyan rẹ̀ fún ẹni tí kò fọwọ́ kan ọkọ́. Ìyá yín mọ èyí jù mí lọ. Òye kọ́ ni kò sí, owó tí wọn ì bá fi dúró de ọjà ni kò sí. Nítorí náà, kí ẹ tó ra ohunkóhun, kí wọ́n yọ ₦10,000 sọ́tọ̀ lọ́dọ̀ alájọ tí wọ́n fọkàn tán, kí ó jẹ́ owó oògùn àti owó ìwé, kí wọ́n má baà tún ránṣẹ́ pe ẹni yẹn wá sí oko ní ọjọ́ tí ara ọmọ bá gbóná.

Ewúrẹ́ dára, ṣùgbọ́n ewúrẹ́ tí ó bá wọ oko ẹlòmíràn ti di ẹjọ́. Bí ẹ bá ta kú lórí rẹ̀, ẹ fún ẹni tí ó lè sìn ín, kí ẹ sì máa pín ọmọ rẹ̀. Ní ti ọ̀kadà, ẹ rora o: gbèsè ni ó ń tẹ̀lé owó ìbẹ̀rẹ̀, bí ọ̀kadà bá sì dẹnu kọlẹ̀, ẹ̀gẹ́ ìyá yín ni yóò san ìyókù.

Ará Nairobi Tẹ́lẹ̀:

Mo gbé ní Kenya fún ìgbà díẹ̀, ibẹ̀ sì wà lára ibi tí wọ́n ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò jù láyé. Ní Rarieda, láàárín ọdún 2011 sí 2013, àjọ GiveDirectly fún àwọn ìdílé aláìní ní owó láìsọ ohun tí wọn yóò fi ṣe. Wọ́n fún àwọn kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n sì ń fún àwọn mìíràn lóṣooṣù. Nígbà tí àwọn olùwádìí méjì, Johannes Haushofer àti Jeremy Shapiro, tọpa owó náà, wọn kò rí i pé owó ọtí tàbí ti tábà lọ sókè, Ojúlówó. Àwọn tí ó gbà á lóṣooṣù ni oúnjẹ wọn dára sí i jù. Àwọn tí ó gbà á lẹ́ẹ̀kan ni ó ra ohun tí ó ń tọ́jọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ṣí koríko orí ilé kúrò tí ó fi páànù bò ó, nítorí pé koríko a máa jẹ owó lọ́dọọdún. Ìyá yín kò ṣìnà rárá. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí wọ́n so owó ẹ̀kejì pọ̀ mọ́ ẹ̀kẹta, kí ó lè gbé ohun ńlá.

Ohun kan tún wà. Láàárín 2014 sí 2017, ní Siaya, ìdílé tí ó lé ní 10,500 gba nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan dọ́là fún ìdílé kọ̀ọ̀kan. Dọ́là kan tí ó wọ àdúgbò di nǹkan bíi méjì àbọ̀ nínú ètò ajé ibẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó gbà á ná an lọ́dọ̀ ẹni tí kò gbà á, ọjà kò sì fi bẹ́ẹ̀ wọ́n. Nítorí náà, ẹ pe káfíńtà abúlé, ẹ má mú ti Ìbàdàn lọ. Àwọn tí orúkọ wọn kò jáde náà ń wò yín.

Olùṣírò (Ìlọrin):

Mo fara mọ́ ti káfíńtà, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ pé kí wọ́n dúró de ẹ̀kẹta. Ẹgbẹ̀rún dọ́là kọ́ ni ₦75,000 tí ẹ̀ẹ̀mẹta náà yóò jẹ́. Ní ìparí 2016, nígbà tí ìjọba ń pààrọ̀ dọ́là kan sí nǹkan bí ₦305, ₦5,000 jẹ́ dọ́là 16. Ní oṣù kejì ọdún 2024, tí dọ́là ti di nǹkan bí ₦1,500, ₦25,000 náà kò ju dọ́là 16 tàbí 17 lọ. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni wọ́n fi sọ ọ́ di púpọ̀, ojú kan náà ni ó sì wà. Ètò ₦25,000 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2023 pàápàá, wọ́n dá a dúró ní oṣù kìíní 2024 láti ṣèwádìí. Ẹni tí ó ń retí ẹ̀kẹta, kí ó máa ra páànù mẹ́ta mẹ́rin lónìí. Páànù kì í jẹrà, náírà ni ó ń jẹrà.

Àkọ́bí Ìyá Rẹ̀:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo pe ìyá wa ní alẹ́ àná, mo sì ro gbogbo ohun tí ẹ kọ fún wọn lẹ́sẹẹsẹ. Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n wá bi mí pé àwa tí a ń dá owó àwọn pín yìí, ṣé òjò ti ká wa mọ́ ìdí agbada rí? Wọ́n ní bí òjò bá kán sí iná nígbà tí gaàrí wà ní àárín yíyan, kò ní gbẹ, kò ní dùn, ẹnu àwọn oníbàárà ni wọn yóò sì ti gbọ́ ọ lọ́jà. Ó wá hàn pé wọ́n ti ra páànù márùn-ún kí èmi tó gbé ọ̀rọ̀ yìí wá síbí.

Wọ́n gba ọ̀rọ̀ bàbá Òkè-Ògùn, àfi ti alájọ. Alájọ kan ti gbé owó wọn sá lọ rí. Ohun tí wọ́n ní àwọn yóò ṣe ni pé wọn yóò yan gaàrí lébú kan gbẹ dáadáa, wọn yóò so ó sórí àjà, wọn kò sì ní fọwọ́ kàn án, àfi bí ọmọ bá ṣàìsàn. Wọ́n ní bí nǹkan bá ń gbówó lórí, gaàrí náà yóò máa bá a gòkè. Inú ń bí àbúrò mi síbẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà ni ó bá káfíńtà gun òrùlé. Àbúrò bàbá wa gba gaàrí kóńgò méjì náà, wọn kò sì tíì sọ nǹkan kan.

Ó ku páànù mẹ́ta kí àtíbàbà náà tó bò tán. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní apá Ìsẹ́yìn, èló ni wọ́n ń ta àlòkù tí kò tíì jò níbẹ̀?