Ìṣípayá kọ́ ni: lórí ọ̀rọ̀ tó yẹ iṣẹ́ fọ́tò ìgbéyàwó

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè. Àbá tó wà níwájú wa ni pé kí a pa ọ̀rọ̀ náà fọ́tò tì, kí a máa pe iṣẹ́ yìí ní ìmọ́lẹ̀-kíkọ, kí onífọ́tò sì di akọ̀mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, exposure, bí ìmọ́lẹ̀ tó wọ kámẹ́rà ṣe pọ̀ tó, yóò di ìṣípayá, focus, mímú kí ohun tí à ń yà hàn kedere, yóò di ìfojúsùn, flash yóò di mànàmáná. Ìdí tí wọ́n fi dá a lábàá dára, mo sì fara mọ́ ọn: kí ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ní Tákìẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, tàbí lẹ́bàá ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́, lè gbọ́ àlàyé iṣẹ́ rẹ̀ ní èdè tó fi ń lá àlá. Àwọn ọ̀rọ̀ náà gan-an ni mi ò lè gbà.

John Herschel ló gbé photography síwájú àwọn onímọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1839, ó fi ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì kọ́ ọ, ìmọ́lẹ̀ àti kíkọ. Ìmọ́lẹ̀-kíkọ kò ju egungun Gíríìkì yẹn lọ, a kàn fi ẹran Yorùbá bò ó. Àwa ti ní àwòrán, èyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ ọnà wa máa ń tú sí à-wò-rántí, ohun tí a ń wò tí a fi ń rántí. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ awòran, ẹni tó ń wo ìran, ẹ óò rí i pé ohùn ló yà wọ́n. Bó ti wù kó rí, ayàwòrán ti ní iṣẹ́ tirẹ̀, ẹni tó ń fi ọ̀dà tàbí léèdì yà á ni. Onífọ́tò ló yẹ kí onífọ́tò máa jẹ́. Nígbà tí ọkọ ìyàwó àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá fẹ́ dọ̀bálẹ̀, "Onífọ́tò dà?" ni alága máa ń ké, ìlù dùndún kì í sì í bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Ta ni yóò ké akọ̀mọ́lẹ̀ lábẹ́ kánópì? Fọ́tò ti di ọmọ ilé. A ń yà á, a ń há a mọ́ férémù, a sì ṣì ń fọ̀ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ pẹ́ tí fíìmù àti abọ́ oògùn ti kúrò nínú yàrá òkùnkùn, tí ohun tí à ń pè ní fífọ fọ́tò lónìí kò kan omi mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí a fi wọn ọ̀rọ̀ iṣẹ́ nìyí: ṣé ó ń sọ fún ọwọ́ ohun tó yẹ kó ṣe?

Ẹ wo ìṣípayá. Ohun tó wà ní ìkọ̀kọ̀ ni à ń ṣí payá, àṣírí tàbí ẹ̀tàn. Kò sí ohun tó fara pamọ́ níwájú kámẹ́rà. Ìmọ́lẹ̀ ló ń gbà, bí igbá tí a gbé sí ìta nígbà òjò: bí ẹnu igbá bá ṣe fẹ̀ tó, àti bó bá ṣe pẹ́ níta tó, ni omi inú rẹ̀ yóò ṣe pọ̀ tó. ISO, nọ́ńbà tí a fi ń sọ fún kámẹ́rà pé kó gbé ìmọ́lẹ̀ tó ti gbà sókè, kò fi omi kún igbá. Díẹ̀ tó bọ́ sínú rẹ̀ ló ń sọ di púpọ̀, ìdọ̀tí rẹ̀ náà á sì pọ̀ sí i, ìdí nìyẹn tí fọ́tò inú gbọ̀ngàn tó ṣókùnkùn fi máa ń ṣe hóró-hóró bíi gàrí. Nítorí náà, ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ ni mo dábàá fún exposure. Ó ní ọ̀rọ̀ ìṣe nínú: "Wọn ìmọ́lẹ̀ kí o tó yà á." Ó tún fún wa ní ọ̀rọ̀ kan tí a kò ní láti ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Bí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀ débi pé ojú aṣọ funfun kò ní ọnà kankan mọ́, tó kàn dà bíi pépà, a ó ní ó ti kún àkúnwọ́sílẹ̀. Omi tó bá ti dà sílẹ̀ kò ṣeé kó. Ibi tó bá ti kún àkúnwọ́sílẹ̀ lára léèsì, kò sí ẹ̀rọ tó lè dá ọnà rẹ̀ padà.

Ibi tí ìwọ̀n ti wúlò jù lọ nílẹ̀ wa ni aṣọ òkè. Kámẹ́rà kò mọ ẹtù yàtọ̀ sí léèsì. Ohunkóhun tó bá kún ojú rẹ̀, ó gbà pé àwọ̀ eérú ni, èyí tó ń dá nǹkan bí ìdá 18 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ tó bá bà á padà. Bí ìdílé ọkọ bá dúró nínú ẹtù, kámẹ́rà á rò pé ilẹ̀ ti ṣú, á fi ìmọ́lẹ̀ kún un, ẹtù tí wọ́n hun ní Ìsẹ́yìn á wá dà bí aṣọ tó ti ṣá, ojú àwọn tó wọ̀ ọ́ á sì máa dán bíi pé wọ́n fi òróró pa á. Bí ìyàwó bá wọ gáùn funfun ní ṣọ́ọ̀ṣì, òdìkejì ló máa ṣe: á dín ìmọ́lẹ̀ kù, gáùn á di eérú, ojú ìyàwó á sì ṣókùnkùn. Ẹtù ń fẹ́ àdínkù, funfun ń fẹ́ àfikún, láti ìdá méjì nínú mẹ́ta àtẹ̀gùn títí dé odidi kan. Sányán kì í fi bẹ́ẹ̀ tàn án jẹ, nítorí àwọ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí ohun tí kámẹ́rà ń retí. Àtẹ̀gùn ni mo lò fún stop, ohun tí onífọ́tò fi ń ka àfikún àti àdínkù ìmọ́lẹ̀: bí o bá gùn ún lẹ́ẹ̀kan, ìmọ́lẹ̀ di ìlọ́po méjì, bí o bá sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó di ìdajì.

Aperture, ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọ inú lẹ́ńsì, ni mo gbádùn jù, nítorí ibẹ̀ ni Yorùbá ti san ju Gẹ̀ẹ́sì lọ fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Ohun tó máa ń dààmú wọn ni pé f/2 fẹ̀ ju f/8 lọ, nígbà tí 8 pọ̀ ju 2 lọ. Ohun tí nọ́ńbà náà ń wí ni pé kí a fi òun pín iye mílímítà tí wọ́n kọ sára lẹ́ńsì: lẹ́ńsì 50 mm ní f/2, ihò rẹ̀ jẹ́ mílímítà 25, ní f/8, ó lé díẹ̀ lórí mílímítà 6. Ẹ jẹ́ kí a pe ihò náà ní ihò lẹ́ńsì, kí a sì ka nọ́ńbà rẹ̀ ní ìdá: ìdá 2, ìdá 2.8, ìdá 4, ìdá 5.6, ìdá 8. Ọmọ tó ti bá wọn pín iṣu rí kò ní rò pé ẹni tó gba ìdá mẹ́jọ jẹun ju ẹni tó gba ìdá méjì lọ. Láti ọ̀kan sí èkejì nínú wọn, àtẹ̀gùn kan ni. Ẹnìkan lè ní ìdá 2.8 kò dùn létí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó yéni.

Fún shutter, ohun tó ń ṣí kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé, tó sì ń pa dé, ìlẹ̀kùn ni àwọn kan mú wá. Ìpéǹpéjú ni tèmi. Ọ̀rọ̀ wa fún àkókò ti wá láti ojú tẹ́lẹ̀: ìṣẹ́jú, láti inú ṣíṣẹ́ ojú, àti ìṣẹ́jú àáyá, èyí tí ojú àáyá ń ṣẹ́. Kámẹ́rà tó wà ní 1/200, ìdá igba ìṣẹ́jú àáyá ni ìpéǹpéjú rẹ̀ fi ń là. Mi ò fẹ́ kí a pe ìyára náà ní ìṣẹ́jú, nítorí aago ti gba ìyẹn, ṣùgbọ́n kí kámẹ́rà máa ṣẹ́jú dára púpọ̀. Ìpéǹpéjú tún bá bí ẹ̀rọ náà ṣe rí mu. Méjì ni ìpéǹpéjú kámẹ́rà, bíi tòkè àti tìsàlẹ̀ lójú wa; ọ̀kan ń ṣí, èkejì ń tẹ̀ lé e láti pa á dé. Bí ìyára bá kọjá 1/200 tàbí 1/250, gẹ́gẹ́ bí kámẹ́rà bá ṣe jẹ́, èkejì á ti máa bọ̀ kí èkíní tó ṣí tán. Bí fíláàṣì bá bù yẹ̀rì nígbà náà, apá kan fọ́tò á dúdú. Ọ̀pọ̀ ń rò pé fíláàṣì ti bàjẹ́, wọ́n á lọ ra òmíràn.

Ẹ tún gbọ́ eléyìí. Iná LED inú gbọ̀ngàn náà ń ṣẹ́jú. Iná ìjọba wa jẹ́ 50 Hz, nítorí náà ọ̀pọ̀ gílóòbù ń ṣẹ́jú ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ojú wa kò kàn rí i ni. Bí ìṣẹ́jú iná àti ti kámẹ́rà kò bá bára mu, ìlà dúdú á là á kọjá lára fọ́tò. Kí a dín ìyára ìpéǹpéjú kù sí 1/100 tàbí 1/50, ìlà náà á lọ. Ṣùgbọ́n ní 1/50, ọwọ́ tó ń náwó fún ìyàwó á ti sá, á ṣe bàìbàì. Ọ̀nà àbáyọ ni kí fíláàṣì jẹ́ olórí ìmọ́lẹ̀, kí iná gbọ̀ngàn jẹ́ ìrànlọ́wọ́ lásán.

Ìfojúsùn kò ṣeé lò fún focus. Ọ́fíìsì ti gbà á, "ìfojúsùn wa ní ọdún yìí," ó sì ti di èrò ọkàn. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, bàìbàì, ni a ń lò fún àṣìṣe mẹ́ta tí oògùn wọn kò jọra. Bí ohun gbogbo bá ṣe bàìbàì lọ sí ọ̀nà kan náà, ọwọ́ gbọ̀n: mú ìyára ìpéǹpéjú sókè, tàbí kí o gbé ìgúnpá mọ́ ìhà. Bí ògiri bá hàn kedere ṣùgbọ́n tí ẹni tó ń jó kò hàn, ó sá: 1/200 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni. Bí gèlè bá mú ṣáṣá tí ẹyinjú kò mú, ojú kò bá a: kámẹ́rà mú ohun tó sún mọ́ ọn jù, ìwọ ni kí o yan ojú ìyàwó fún un. Ọwọ́ gbọ̀n, ó sá, ojú kò bá a. Gbólóhùn kúkúrú ni wọ́n, kì í ṣe ọ̀rọ̀ orúkọ, ó sì tó. Kí ló dé tí a fi gbà pé gbogbo ọ̀rọ̀ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ì-?

Mànàmáná ti di ti iná tó ń wọlé láti ara wáyà. Ẹ jẹ́ kí fíláàṣì máa jẹ́ fíláàṣì. Ohun tí a nílò ni ọ̀rọ̀ fún àwọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà láti ara ohun tó bá ta lù. Bí o bá kọjú fíláàṣì sókè sí àjà funfun, ìmọ́lẹ̀ á ta padà ní rírọ̀, á tẹ́ ojú dáadáa. Bí o bá ṣe bẹ́ẹ̀ lábẹ́ kánópì aláwọ̀ búlúù, ojú gbogbo èrò á di búlúù. Àwọ̀ àkóràn ni mo fẹ́ pè é, nítorí ó ràn wọ́n. Nínú fáìlì RAW, èyí tí kámẹ́rà fi sílẹ̀ bó ṣe gbà á, ó ṣeé wò sàn. Nínú JPEG, èyí tí kámẹ́rà ti ṣe tán, ó ṣòro. Mo rò pé fáìlì tútù àti fáìlì jíjinná bá àwọn méjèèjì mu: tútù ní ìpele 16,384 fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan bó bá jẹ́ bíìtì 14, jíjinná ní 256 péré, kámẹ́rà sì ti fi iyọ̀ sí i kó tó gbé e fún ọ.

Fún fọ́tò tí a yà láìjẹ́ pé ẹni náà mọ̀, fọ́tò àìfura dára ju fọ́tò jíjí lọ. Olè kọ́ ni onífọ́tò. Kí a má sì ya àgbàlagbà nígbà tí òkèlè wà lẹ́nu rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀dítì ni mo fẹ́ kí a fara balẹ̀ lé. Àtúnṣe àti àyípadà kì í ṣe ohun kan náà, kí a má sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan bo méjèèjì. Ìrorẹ́ tí yóò lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, yíyọ rẹ̀ jẹ́ àtúnṣe. Fífọ àwọ̀ àkóràn jẹ́ àtúnṣe. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń dán ojú kò mọ ilà. Gbogbo ìlà tín-ín-rín lójú ni ó kà sí àbùkù, ó sì ń pa àbàjà bàbá ìyàwó rẹ́ pẹ̀lú ìhunjọ ojú. Bàbá kan jókòó pẹ̀lú ilà ìdílé rẹ̀, ọmọ rẹ̀ gba álíbọ́ọ̀mù, kò sí ilà. Àyípadà ni, ó sì burú. Iṣẹ́ ọnà wa ti ní jíjọra, pé kí àwòrán jọ ẹni náà, kó má sì jọ ọ́ jù. Ó tún ní ìfarahàn, pé kí ohun tó yẹ ní rírí hàn. Fọ́tò tí ilà kò hàn ti kùnà nínú méjèèjì. Kí wọ́n dín agbára ẹ̀rọ náà kù, kí wọ́n sì bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀kan ṣì kù tí mi ò ní ọ̀rọ̀ fún. Bí ẹbí bá tò sí ìlà mẹ́ta, tí lẹ́ńsì sì wà ní ìdá 2.8, tí ojú bá ìlà iwájú, àwọn ìyá àgbà tó wà lẹ́yìn á ṣe bàìbàì. Kì í ṣe pé ọwọ́ gbọ̀n, wọn ò sì sá. Kí a gbé e lọ sí ìdá 8, kí a fà sẹ́yìn, kí ojú bá ìlà àárín, gbogbo wọn á mú. Àyè yẹn láti iwájú dé ẹ̀yìn tí ojú ń dé, kí ni kí a pè é? Ìjìnlẹ̀ ti di ti ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀. Ẹni tó bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ kan fún un nílé iṣẹ́ fọ́tò, kó fi ránṣẹ́, pẹ̀lú gbólóhùn tí wọ́n fi lò ó.