Tíráká ń fi ibi tí ọkọ̀ wà hàn mí, àmọ́ kò sọ nǹkan kan nípa ẹ́ńjìnnì mọ́

Ìyá Ẹlẹ́rù, Ìsánlú

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ní tírélà kan tó ń gbé sìmẹ́ǹtì láti Obàjánà wá sí Ìsánlú títí dé Ẹ̀gbẹ̀. Ọdún 2016 ni wọ́n ṣe ọkọ̀ náà. Lóṣù tó kọjá, àwọn tó ń bá mi tọ́jú tíráká pààrọ̀ ẹ̀rọ ti tẹ́lẹ̀ sí tuntun. Láti ìgbà náà, mò ń rí ọkọ̀ lórí fóònù, mo ń rí i bó ṣe ń kúrò lórí títì kọnkéré tó wọ Kàbà, mo ń rí i tó bá dúró ní Mọ̀pà. Àmọ́ ibi tó yẹ kó ti sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí, bó ṣe gbóná tó àti dísẹ́ẹ̀lì tó kù, òfìfo ni. Kò tilẹ̀ kọ òdo.

Rẹwáyà tí dírẹ́bà mú wá ní brain box, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, ti ń kú lọ, kí n wá owó ra tuntun. Ẹ gbà mí o, kí n tó tọwọ́ bàpò.

Ọmọ Mọ̀pà

Ẹ kú ìnáwó, Màmá. Ṣé kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni? Àwa gan-an tá a wà lójú ọ̀nà yẹn, a mọ ibi tí fóònù ti máa ń kú. Ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ síìmù.

Rẹwáyà Kàbà

Àbúrò, bó bá jẹ́ síìmù ni, Màmá ò ní rí ibi tí ọkọ̀ wà náà. Ojú ọ̀nà kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń gbà dé orí fóònù.

Màmá, ẹ má tíì ra brain box kankan. Ẹ bi dírẹ́bà: ṣé ọwọ́ tó ń ka ìyípo ẹ́ńjìnnì lórí dáṣíbọọ̀dù ń gòkè tó bá tẹ iná? Tó bá ń gòkè, brain box ń sọ̀rọ̀. Tíráká ni kò gbọ́. Àwọn kan nínú wa ti sọ brain box di àìsàn gbogbo ọkọ̀, torí èrè ibẹ̀ pọ̀.

Wáyà iná, wáyà ilẹ̀, wáyà kọ́kọ́rọ́, ìyẹn ti tó fún tíráká láti mọ ibi tí ọkọ̀ wà, torí sátẹ́láìtì ló ń bi. Ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì ń gba wáyà méjì mìíràn tí wọ́n lọ́ mọ́ra wọn. Ẹ wá pọ́ọ̀gì roboto oníhò mẹ́sàn-án lábẹ́ sítíárì. Ihò tí wọ́n kọ C àti D sí ni wọ́n so wáyà méjèèjì mọ́.

Kí wọ́n pa ọkọ̀, kí wọ́n tú orí bátìrì, kí wọ́n fi mítà wọn C sí D. Nǹkan bí 60 ohm ló yẹ kó kọ, torí rẹsítọ̀ 120 ohm kan, ohun tó ń dín iná kù, wà ní ìkángun kọ̀ọ̀kan wáyà náà. Tó bá kọ 120, ọ̀kan ti já. Tó bá sún mọ́ òdo, wáyà méjèèjì ti kanra. Kí wọ́n tún dá bátìrì padà, kí wọ́n ṣí kọ́kọ́rọ́: C á lé díẹ̀ ní 2.5 volt sí ilẹ̀, D á dín díẹ̀. Kí wọ́n rí i dájú pé wọn ò gbé wáyà C sí ojú D níbi tíráká.

Ẹ wo àwọ̀ pọ́ọ̀gì náà fún mi. Dúdú ni àbí àwọ̀ ewé?

Ìyá Ẹlẹ́rù, Ìsánlú

Ẹ ṣeun, ọ̀gá mi. Ọwọ́ yẹn ń gòkè. Mítà kọ 60, volt náà rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Àwọ̀ ewé ni pọ́ọ̀gì. Wọn ò tilẹ̀ ki tíráká bọ̀ ọ́, ṣe ni wọ́n bó wáyà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n fi téèpù wé e.

Rẹwáyà Kàbà

Ó ti yé mi. Bí wọ́n ṣe ń yára sọ̀rọ̀ ló yàtọ̀: onídúdú ń sọ̀rọ̀ ní 250 kilobit ní ìṣẹ́jú àáyá kan, aláwọ̀ ewé ní 500. Ká ní pọ́ọ̀gì dúdú ni wọ́n mú wá, kò ní wọlé sí ihò aláwọ̀ ewé, wọn ì bá ti mọ̀. Wáyà bíbó ló bo àṣírí mọ́lẹ̀. Ẹ pè wọ́n, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá 250 ni wọ́n ṣètò tíráká tuntun yẹn sí, torí bó bá rí bẹ́ẹ̀, kò lè gbọ́ ọkọ̀ tó ń sọ̀rọ̀ ní 500. Kí wọ́n sì lẹ wáyà náà dáadáa, téèpù ò lè bá gbígbọ̀n ọ̀nà Ẹ̀gbẹ̀ jà.

Ìyá Ẹlẹ́rù, Ìsánlú

250 ni! Láti ọ́fíìsì wọn ni wọ́n ti yí i padà. Ìyípo dé, gbígbóná dé. Dísẹ́ẹ̀lì tó kù nìkan ló ṣì ṣófo, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni mo fẹ́ máa ṣọ́.

Rẹwáyà Kàbà

Ọkọ̀ mìíràn kì í gbé ìyẹn sórí wáyà rárá. Ẹ ní kí wọ́n wo bóyá dísẹ́ẹ̀lì tí ẹ́ńjìnnì ti *jó* ń wọlé, kí ẹ fi wé èyí tí ẹ rà. Àmọ́ èyí tí wọ́n bá fi rọ́bà fà nínú táńkì, ẹ́ńjìnnì ò ní kà á. Tí ẹ bá fẹ́ mú ìyẹn, ẹ ní kí wọ́n ki ọ̀pá ìwọ̀n sínú táńkì fúnra rẹ̀.