Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o, mo fẹ́ mọ bí mo ṣe máa wọlé sí Sábó

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ràn mí lọ́wọ́. Lẹ́kíṣọ́rà wa ní ká mú àdúgbò méjì tí àṣà wọn ò jọra, ká bá àwọn ará ibẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo mú Ọjà'ba tó wà nísàlẹ̀ òkè Mápó, mo tún mú Sábó tó jẹ́ ibùdó àwọn Hausa láti 1916. Ọjà'ba ò le fún mi, mo mọ̀ pé mo máa kúnlẹ̀ kí ìyá àgbà nínú agboolé kí n tó béèrè nǹkankan. Sábó ló ń dààmú mi. Mo débẹ̀ ní Jímọ̀ tó kọjá, mi ò tiẹ̀ rántí pé àsìkò ìrun ni, mo kàn gbé fóònù jáde mo ń ya fọ́tò àwọn tó ń sun súyà, ni bàbá kan bá bá mi wí, ó sì dùn mí gan-an torí mi ò fẹ́ rí wọn fín rárá. Ṣé kí n kọ́kọ́ lọ kí Séríkí Sábó ni àbí kí n wá ẹni tó gbọ́ Hausa tó máa mú mi lọ? Ẹni tó bá ti gbé ibẹ̀ rí, ẹ dákun ẹ dá mi lóhùn, ọ̀sẹ̀ méjì péré ló kù.