Mo yọ ohùn kan kúrò, síbẹ̀ mo ṣì ń gbọ́ ọ

Ẹ gbà mí o, ọ̀rọ̀ yìí ti tojú sú mi. Mo kà á pé ibi tí ọpọlọ ti ń gbọ́ ohùn, ní ẹ̀gbẹ́ orí níbi etí, tò bíi bọ́tìnnì dùùrù: ohùn ìsàlẹ̀ láàyè tirẹ̀, tòkè náà láàyè tirẹ̀. Ìyẹn yé mi. Àmọ́ mo fi kọ̀ǹpútà po ohùn 400, 600 àti 800 Hz (iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan) pọ̀, n kò fi 200 sí i rárá, síbẹ̀ 200 gan-an ló ń dún létí mi, hùn-ùn-ùn. Mo pààrọ̀ íápíìsì, mo dín ohùn kù, mo tiẹ̀ fi ariwo bo ohùn ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀. Kò lọ! Ṣé àyè 200 nínú ọpọlọ ló ń dáhùn sí ohun tí kò sí, àbí ibòmíràn ló ń ṣírò rẹ̀?